Ilẹ̀ tó dà bí àdìrẹ: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ yanrìn kan ní Gberefu, Àgbádárìgì

Iṣẹ́ náà jẹ́ fídíò oníṣẹ́jú-àáyá 40 tí wọ́n fi Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán 3D, ṣe. Kámẹ́rà wà ní ìwọ̀n ojú ẹni tó dúró, ó sì ń rìn lórí mítà 60 tó kẹ́yìn nínú ọ̀nà yanrìn erékùṣù Gberefu, ní òdìkejì ọ̀sà Àgbádárìgì, títí dé ibi òpó tó kọjú sí òkun, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Point of No Return. Ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà kó àwọn tí wọ́n ti tà lẹ́rú lọ sínú ọkọ̀. Wọ́n á kó wọn sọdá ọ̀sà, wọ́n á dà wọ́n gba inú yanrìn, kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tí ìtàn sọ pé omi rẹ̀ ń mú ènìyàn gbàgbé ilé, ó di etí òkun. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ wọn ti kan ilẹ̀ wa kẹ́yìn. Nítorí náà, nínú irú àwòrán yìí, ilẹ̀ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán.

Àwọn igi àgbọn inú fídíò náà dára. Òpó dára, ojú ọ̀run dára. Ilẹ̀ ló bà á jẹ́.

Nígbà tí àwòrán àkọ́kọ́ jáde, yanrìn náà tò lọ bí àdìrẹ ẹlẹ́kọ: àmì kan náà, àlàfo kan náà, láti iwájú títí dé òpin ọ̀nà. Ohun tó tú àṣírí rẹ̀ ni èèpo àgbọn kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tó wà ní igun òsì texture náà (àwòrán yanrìn tí wọ́n ń tẹ́ léraléra láti fi bo ilẹ̀), tí fọ́nrán ara rẹ̀ yọ jáde bí irùngbọ̀n. Texture náà fẹ̀ ní mítà 2 sí mítà 2. Ọ̀nà gùn ní mítà 60, ó fẹ̀ ní mítà 6. Ọgbọ̀n lọ́nà mẹ́ta: èèpo kan ṣoṣo yẹn jáde nígbà 90, gbogbo wọn kọjú síbì kan náà, irùngbọ̀n gbogbo wọn tẹ̀ sí ọ̀tún. Lára aṣọ, àtúntẹ̀ ni ẹwà. Aláró tó mọṣẹ́ ló ń jẹ́ kí àmì padà wá síbi tó yẹ kó wà. Ilẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ àti omi kì í ṣe ohun kan náà níbi méjì.

Ojú ìsopọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí, nítorí òun ni gbogbo ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ti gbọ́ nípa rẹ̀. Texture tí kò ní ojú ìsopọ̀ ni àwòrán onígun mẹ́rin tí etí ọ̀tún rẹ̀ bá etí òsì mu, tí òkè rẹ̀ bá ìsàlẹ̀ mu, débi pé bí a bá tò ó bíi táìlì, ojú kò ní rí ibi tí ọ̀kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè ṣe é kí a má lò ó. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n ya gbogbo mítà 60 yẹn lódindi, pẹ̀lú kúlẹ̀kúlẹ̀ tí wọ́n fẹ́, àwòrán náà á gùn tó pixel 122,880, á fẹ̀ tó 12,288, àwọ̀ rẹ̀ nìkan á sì lé díẹ̀ ní gigabyte 6 nínú káàdì kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká wo ló fẹ́ gbé ìyẹn?

Wọ́n tún ojú ìsopọ̀ náà ṣe títí ó fi mọ́ tónítóní. Ilẹ̀ ṣì dà bí àdìrẹ. Ohun tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí fi sọ́kàn láti àárọ̀ nìyẹn: ojú ìsopọ̀ ni iṣẹ́ kékeré níbẹ̀, àtúntẹ̀ ni iṣẹ́ ńlá, ọ̀tọ̀ sì ni oògùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Àwòrán tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ tún ní àrùn tirẹ̀. Fóònù ni wọ́n fi yà á, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, oòrùn ń ràn. Oòrùn aago mẹ́wàá ṣì wà ní apá ìlà oòrùn, nítorí náà òjìji gbogbo ìkarahun àti gbogbo ojú ẹsẹ̀ ṣubú sí ìwọ̀ oòrùn. Nínú fídíò, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi oòrùn sí, òjìji igi àgbọn sì ń ṣubú sí ìlà oòrùn. Òjìji ilẹ̀ àti òjìji igi wá kẹ̀yìn síra wọn. Ẹni tó ń wò ó lè má mọ ohun tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ní gbà á. Fóònù náà tún fúnra rẹ̀ mú yanrìn mọ́lẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. Àròpín àwọ̀ fáìlì náà jẹ́ 215 nínú 255. Bí a bá ṣírò rẹ̀ sí ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ojú ilẹ̀ ń dá padà, ó jẹ́ 0.68, èyí tó sún mọ́ ti yìnyín ju ti yanrìn lọ. Yanrìn gbígbẹ etí òkun sábà máa ń wà láàárín 0.35 sí 0.45, ìyẹn bíi 160 sí 179 nínú fáìlì. Nígbà tí oòrùn Blender bà lé e, ilẹ̀ funfun báláú, kúlẹ̀kúlẹ̀ rẹ̀ pòórá. Wọ́n dín oòrùn kù kí ilẹ̀ lè rí bí ilẹ̀, igi àgbọn wá ṣókùnkùn. Ẹni tó bá ń fi ìmọ́lẹ̀ tún àṣìṣe àwọ̀ ṣe kò ní sinmi.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí wọn kò mú èyí tó ti wà nílẹ̀. Ìkànnì Poly Haven àti ambientCG ní texture ilẹ̀ lóríṣiríṣi, ọ̀fẹ́ ni, àṣẹ CC0 tí wọ́n fi gbé e jáde sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti lò ó fún iṣẹ́ owó. Wọ́n dára gan-an, kò sì sí àbùkù nínú kéèyàn lò wọ́n fún ilẹ̀ tí kò lórúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́ ilẹ̀ igbó tí ewé igi ilẹ̀ Yúróòpù já sí sábẹ́ igi àgbọn, kí ẹ wá pe ọmọ Àgbádárìgì kó wò ó. Á mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀ tó bá ní orúkọ, ẹ lọ yà á níbi tó wà.

Wọ́n padà lọ yà á. Ọjọ́ tí ìkùukùu bo gbogbo ojú ọ̀run ni wọ́n yàn, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń ti gbogbo ọ̀nà wá, òjìji kì í lágbára. Láàárín oṣù kẹrin sí oṣù keje, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò wọ́n lágbègbè yìí, ṣùgbọ́n òjò ló ń gbé e wá: yanrìn tí òjò pa lóru máa ń dúdú ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì máa ń dán. Ẹ fi ìka wa ilẹ̀ wò. Bí sẹ̀ǹtímítà 2 òkè rẹ̀ bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ra bí gàrí tí wọ́n wọ́n omi sí, ẹ ṣe sùúrù.

Okùn àti èèkàn mẹ́rin ni wọ́n fi wọn ibi tó fẹ̀ ní mítà 2.5 sí mítà 2.5. Mítà 2 àárín ni wọ́n nílò. Ìyókù wà fún etí. Kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ jẹ́ 36 mm sí 24 mm, onípixel 6000 sí 4000, pẹ̀lú lẹ́ńsì 50 mm, wà lórí ọ̀pá gígùn ní mítà 1.5 sókè, ó dojú kọ ilẹ̀ gán-án. Láti ìta okùn ni wọ́n ti ń na ọ̀pá náà, ìdajì láti apá kan, ìdajì láti apá kejì, nítorí pé bí ẹsẹ̀ kan bá tẹ inú rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, yanrìn ti yí padà, fọ́tò ti ìṣáájú kò ní bá ti ìkẹyìn mu mọ́. Ní gíga yẹn, fọ́tò kan ń rí sẹ̀ǹtímítà 108 sí 72. Wọ́n jẹ́ kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan gun orí èkejì ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún: ọ̀pá ń sún ní sẹ̀ǹtímítà 32 lọ́nà kan, 21 lọ́nà kejì. Ìlà mẹ́wàá, fọ́tò mẹ́fà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ 60. Wọ́n fi kámẹ́rà sí f/8, ìyára 1/250, ISO 200, wọ́n sì ti gbogbo rẹ̀ pa, títí kan ìwọ̀n àwọ̀ funfun, kí kámẹ́rà má máa yí i padà fúnra rẹ̀ láàárín iṣẹ́. Fọ́tò àkọ́kọ́ ní káàdì aláwọ̀ eérú kan nínú, tó ń dá ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ padà. Nígbà tí wọ́n ṣí fáìlì RAW (fọ́tò tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe), wọ́n gbé káàdì náà sí 118 nínú 255, wọ́n fi ìwọ̀n kan náà fún gbogbo ìyókù, àròpín yanrìn sì bọ́ sí 171 láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ojú bù ú.

Fóònù náà lè ṣe é bí kò bá sí kámẹ́rà. Ẹ tì í pa ní ìmọ́lẹ̀ àti àfojúsùn, ẹ má lo lẹ́ńsì fífẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì ya fọ́tò púpọ̀ sí i.

Meshroom, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi fọ́tò kọ́ ohun 3D, ni wọ́n fi so fọ́tò 60 náà pọ̀. Ilẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ yọ sókè bí igbá tí wọ́n dojú dé. Nígbà tí gbogbo fọ́tò bá kọjú sílẹ̀ gán-án, ètò kọ̀ǹpútà náà kì í lè mọ̀ bóyá lẹ́ńsì ló tẹ àwòrán tàbí ilẹ̀ gan-an ló tẹ̀; á pín in fún méjèèjì, ilẹ̀ á sì rù ú. Fọ́tò 20 sí i, tí wọ́n yà yíká etí okùn pẹ̀lú kámẹ́rà tó tẹ̀ ní bíi dígírì 30, ló mú un tẹ́jú. Fọ́tò 80 lápapọ̀. Ẹ yà wọ́n lọ́jọ́ kan náà. Tó bá di ọ̀la, yanrìn yẹn kò ní sí mọ́.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti rí àwọ̀ àti height map tó ń sọ gíga ilẹ̀, pixel 4096 sí 4096 lórí mítà 2. Pixel 2048 fún mítà kan nìyẹn, pixel kan sì jẹ́ bí ìdajì mìlímítà. Ó tó fún kámẹ́rà tó wà ní ìwọ̀n ojú ènìyàn.

Títún ojú ìsopọ̀ ṣe kò gba wákàtí kan. Nínú GIMP, ètò tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, ẹ lọ sí Offset, ẹ fi 2048 sí ọ̀tún àti 2048 sí ìsàlẹ̀, kí ohun tó bá bọ́ ní etí kan wọlé láti èkejì. Etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wá pàdé ní àárín bí àgbélébùú, ibẹ̀ lẹ ó sì ti rí àléébù gbogbo. Ẹ fi yanrìn mìíràn láti inú àwòrán kan náà dí i, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tí etí rẹ̀ kò rọ̀ jù: etí tó rọ̀ jù ń da hóró yanrìn méjì pọ̀, ibẹ̀ á wá rí bí ìgbà tí kùrukùru bò ó. Ẹ má fọwọ́ kan etí òde àwòrán náà mọ́ nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ẹ tún Offset ṣe, lọ́tẹ̀ yìí 1024, kí ẹ yẹ ẹ̀ wò bóyá àtúnṣe yín ti dá ojú ìsopọ̀ tuntun sílẹ̀. Àwọn kan máa ń yí àwòrán padà bí inú dígí kí etí lè bára mu kíákíá. Etí á bára mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo òkúta á di labalábá, apá ọ̀tún àti apá òsì bákan náà, ojú sì ń tètè rí labalábá ju ìlà lọ.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti fẹ́ tún bàjẹ́ ni pé àwọ̀ nìkan ni wọ́n dí. Height map ṣì ní kòtò níbi tí àwọ̀ ti fi yanrìn tẹ́jú hàn. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí àwọ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ sí gíga, níbì kan náà, láti orísun kan náà. Normal map, tó ń sọ ibi tí ojú ilẹ̀ kọ sí, kò yẹ kéèyàn dí rárá: ẹ tún gíga ṣe tán, kí ẹ wá yọ normal jáde láti inú rẹ̀. Àwọ̀ inú normal map jẹ́ ìtọ́sọ́nà. Bí ẹ bá gé apá kan nínú rẹ̀, tí ẹ yí i ní dígírì 90, tí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn, ìmọ́lẹ̀ á máa ti ọ̀nà tí kò tọ́ wá sí ibẹ̀ nìkan.

Ọ̀rọ̀ ohun tó mú un dà bí àdìrẹ ló kù. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: ẹ to texture náà ní 8 lọ́nà 8, kí ẹ sún un kúrò lójú títí gbogbo rẹ̀ á fi kéré bí àwo oúnjẹ. Wọ́n ṣe é. Èèpo àgbọn ti lọ, wọ́n ti yọ ọ́, pẹ̀lú ìkarahun funfun méjì àti ìdérí ìgò kan. Síbẹ̀ àpẹẹrẹ ṣì wà, àmọ́ kò lórúkọ: igun kan ṣókùnkùn díẹ̀, àárín mọ́lẹ̀ díẹ̀, bí aṣọ onígun-mẹ́rin-mẹ́rin. Ìyàtọ̀ náà kò ju 6 lọ nínú 255. Nínú táìlì kan ṣoṣo ẹ kò lè rí i. Tí wọ́n bá ti di 64, ó hàn.

Ìtọ́jú rẹ̀ ni pé kí a yọ ìyípadà ìmọ́lẹ̀ tó gbòòrò, kí a fi hóró yanrìn sílẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà àwòrán náà, ẹ fi Gaussian Blur pixel 256 pa á rẹ́ (ìyẹn, kó di bàìbàì), ẹ yọ èyí tó rẹ́ kúrò nínú ojúlówó, kí ẹ sì fi àròpín rẹ̀ kún un padà. Pixel 256 níbí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12.5, ó tó láti fi ojú ẹsẹ̀ kékeré sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: Blur kò mọ̀ pé etí ọ̀tún àti etí òsì jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ẹ bá ṣe é lórí táìlì kan, ojú ìsopọ̀ tí ẹ ti fi wákàtí kan tún ṣe á padà wá. Ẹ to 3 lọ́nà 3 kọ́kọ́, pixel 12,288, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ gé àárín jáde. Wọn kò sì yọ gbogbo ìyípadà náà tán. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n yọ. Yanrìn tí wọ́n bá yọ gbogbo rẹ̀ tán lára rẹ̀ ń dà bí bébà tí káfíńtà fi ń ha igi, kò ní ẹ̀mí mọ́.

Ìgbà tí wọ́n gbé e wọ Blender, yanrìn ń dán bí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Roughness map, tó ń sọ bí ojú ilẹ̀ ṣe ń dán tàbí ṣe kú tó, ṣì wà ní sRGB, ètò tó wà fún àwọ̀ tí ojú ń rí. Àwọ̀ nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀. Roughness, normal àti height gbọ́dọ̀ wà ní Non-Color, torí nọ́ńbà ni wọ́n. Ní sRGB, 0.8 tí ẹ kọ sílẹ̀ ń di bíi 0.6 lójú Blender. Ẹni tó bá sì gba normal map láti ibòmíràn, kó wo bóyá ti OpenGL ni tàbí ti DirectX. Blender ń lo OpenGL, Unreal, ètò tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ń lo DirectX, ìyàtọ̀ wọn ni àwọ̀ ewé tó dorí kodò. Bí ẹ bá ṣì í lò, ojú ẹsẹ̀ tó yẹ kó jìn á yọ sókè bí ebè.

Height map náà, 8-bit ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ sí. Láti ibi tó jìn jù sí ibi tó ga jù nínú táìlì yìí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3. 8-bit ní ìpele 256 péré, nítorí náà ìpele kan jẹ́ 0.12 mm, pixel kan sì jẹ́ 0.49 mm: àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan máa dà bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó tó dígírì 13. Nígbà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ lù ú láti ẹ̀gbẹ́, yanrìn ní àtẹ̀gùn bí ọ̀nà àbágòkè. 16-bit, tó ní ìpele 65,536, ló wò ó sàn. Nínú Displacement, apá Blender tó ń fi height map gbé ojú ilẹ̀ sókè sódò, wọ́n fi Midlevel sí 0.5, Scale sí 0.03. Mítà 8 iwájú kámẹ́rà nìkan ni wọ́n fi gíga tòótọ́ sí. Bí ojú kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan sí ìkan, gbogbo ọ̀nà náà á gba ojú 3,600,000, ohun tó sì jìnnà kò nílò rẹ̀.

Ibi tí ilẹ̀ ti wá di ilẹ̀ ni ìgbà tí wọ́n fi ìpele sórí ìpele. Wọ́n ya texture kejì, yanrìn kíkúnná tí afẹ́fẹ́ gbá jọ, wọ́n sì fún un ní mítà 3.1 dípò 3. Nọ́ńbà yẹn ní ìdí. Mítà 2 àti mítà 3 ń pàdé ní gbogbo mítà 6. Mítà 2 àti 3.1 kì í pàdé títí di mítà 62, ọ̀nà náà sì jẹ́ 60. Wọ́n yí ti kejì yìí ní dígírì 37. Ẹ rántí ohun tí a sọ nípa normal: ìyípo tí ẹ bá ṣe nínú Mapping kì í yí ìtọ́sọ́nà inú normal map, torí náà Bump (tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe bí ẹni pé ilẹ̀ ga tàbí jìn) láti inú height ni wọ́n lò fún ìpele kejì, èyí tí kì í bìkítà fún ìyípo.

Bí wọ́n ṣe pò wọ́n pọ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Lákọ̀ọ́kọ́, Noise kan, ìyẹn àwòrán ẹ̀bù-ẹ̀bù tí kọ̀ǹpútà ń dá fúnra rẹ̀, ni wọ́n fi pín in, kíkúnná sì rá wọnú yanrìn ńlá bí èéfín. Yanrìn kíkúnná kì í bo ilẹ̀ bí èéfín. Inú kòtò ló ń kó sí. Ẹ jẹ́ kí height map ìpele àkọ́kọ́ bá Noise dá sí i: níbi tó bá jìn, kíkúnná á wọlé, níbi tó bá yọ, ilẹ̀ àtijọ́ á hàn. Ìyàtọ̀ tí èyí mú wá ju ti gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe ṣáájú lọ. Etí ojú ẹsẹ̀ kan wá yọ gbẹẹrẹ, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì kún fún yanrìn funfun, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń rí lẹ́yìn wákàtí méjì tí ènìyàn ti kọjá.

Noise mìíràn, Scale 0.13 lórí Object, tí ẹ̀bù rẹ̀ ń fẹ̀ ní bíi mítà 7 sí 8, wá ń sọ àwọ̀ di púpọ̀ láàárín 0.88 sí 1.08. Lórí rẹ̀ ni àwòrán ìbòjú kan wà tí wọ́n fi ọwọ́ yà, pixel 2048 sí 256 fún gbogbo ọ̀nà: àárín kì, ẹ̀gbẹ́ rọ̀, ibi tí ewéko etí òkun ti ń fà wọlé ṣókùnkùn. Ìbòjú kò nílò kúlẹ̀kúlẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 3 fún pixel kan tó. Ibí ni wọ́n ti ń fi ìmọ̀ ibẹ̀ sí i, kò sì sí ètò kọ̀ǹpútà tó lè ṣe é fún yín.

Ohun tó bá lójú, tí ènìyàn lè tọ́ka sí, kò gbọdọ̀ wà nínú táìlì. Ojú ẹsẹ̀ di àlẹ̀mọ́: oríṣi 12, ọ̀tún 6, òsì 6, tí wọ́n tò sórí ìlà pẹ̀lú àlàfo sẹ̀ǹtímítà 55 sí 65, nítorí pé ìṣísẹ̀ máa ń kúrú nínú yanrìn. Èèpo àgbọn di ohun gidi, oríṣi mẹ́ta, 40 lápapọ̀, gbogbo wọn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Lákọ̀ọ́kọ́ wọ́n ń léfòó. Wọ́n rì wọ́n sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì, wọ́n sì fi ìrù yanrìn kékeré sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní apá àríwá-ìlà-oòrùn, torí pé gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́ wá ní etíkun yìí. Èèpo onírùngbọ̀n yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ẹyọ kan.

Mítà 5 tó kẹ́yìn jẹ́ yanrìn tutù. Wọn kò ya texture mìíràn fún un: àwọ̀ lọ́nà 0.55, roughness láti 0.9 sí 0.35, agbára normal sì dín kù ní ìdajì, torí omi ń dí àárín hóró yanrìn. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ yanrìn tó mu omi ń jìn wọlé kó tó jáde, èyí tó ń jáde sì kéré. Ìdí tó fi ń dúdú nìyẹn. Ààlà gbígbẹ àti tutù gba sẹ̀ǹtímítà 40, ó ń lọ kọ́lọkọ̀lọ bí ìgbì ṣe fi í sílẹ̀. Ààlà tó gún gbọnrangandan á jọ ọ̀dà tí wọ́n fi kun ilẹ̀.

Wọ́n tún ṣe ẹ̀dà kan fún fóònù, tí ènìyàn á máa fi ọwọ́ darí fúnra rẹ̀. Níbẹ̀, 4096 láìfún un pọ̀ jẹ́ megabyte 64 fún texture kan, ó di 85 pẹ̀lú mipmap, tó jẹ́ ẹ̀dà kéékèèké tí ẹ̀rọ ń lò fún ohun tó jìnnà. ASTC 6×6, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fún texture pọ̀, gbé e wá sí bíi 9.5. Ẹ má pa mipmap láti fi dín ìwọ̀n kù: ilẹ̀ tó jìnnà á máa gbọ̀n bí ìgbà tí èèrà bò ó. Ẹ gbé anisotropic, tó ń mú kí ojú tí a wò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ hàn kedere, sí 8, torí ilẹ̀ ni ojú tí a sábà máa ń wò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ jù. Ohun kan sì wà tí ọ̀pọ̀ kì í mọ ìdí rẹ̀: yanrìn tó jìnnà ń dán bí páànù. Nínú mipmap, normal ti para pọ̀ di títẹ́jú, gbágungbàgun inú rẹ̀ ti sọnù, ẹ̀rọ sì rò pé ilẹ̀ náà dán. Ẹ gbé roughness sókè nínú àwọn ẹ̀dà kéékèèké náà láti fi dípò rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí wọn kò tíì yanjú. Ní nǹkan bíi mítà 22 láti ìbẹ̀rẹ̀, àlẹ̀mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún kan, èyí tí ọmọ-ìka kékeré rẹ̀ yà sọ́tọ̀, ti jáde lẹ́ẹ̀mejì láàárín mítà 4, igun kan náà ni wọ́n sì wà. Yíyí ọ̀kan ní dígírì 8 kò tó láti pa á mọ́. Oríṣi ojú ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i ni wọ́n ní láti lọ yà, àti ti ọmọdé pẹ̀lú, torí gbogbo èyí tó wà nínú fídíò náà báyìí, ti àgbàlagbà ni, ọmọdé sì wà nínú àwọn tí wọ́n kó gba ibẹ̀.